Ilé Ìsinmi Etí Òkun: Ọ̀rẹ́ Ìlú Ni Tàbí Ọ̀tá Rẹ̀?

Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèrè ni a ti í wò ó. Òwe yìí ni mo fi ṣíwájú ọ̀rọ̀ mi, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá ti dárúkọ ilẹ̀ Wales báyìí, ẹlòmíràn nínú ẹ̀yin òǹkàwé yóò fẹ́ ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Yóò ní, ‘Kí ni ó kàn wá nínú ìjà tí òyìnbó ń bá òyìnbó jà lórí ilé?’ Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí i. Ó kàn wá. Ó tilẹ̀ kan ẹgbẹ́ tí ó ni ìwé yìí ju ẹlòmíràn lọ, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ni, ọ̀rọ̀ ọmọ ni, ọ̀rọ̀ èdè sì ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ṣeé yà nípá.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò fara sin. Mo ní, ilé kékeré tí ọlọ́rọ̀ ìlú ńlá rà sí abúlé etí òkun láti máa fi sinmi pẹ̀lú aya àti ọmọ, tí ó sì tì í pa ní oṣù mẹ́wàá nínú ọdún, kì í ṣe fàájì tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ó ń pa abúlé náà lára. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, abúlé á kú. Bí abúlé náà bá sì jẹ́ ibi tí èdè kan sá sí, èdè náà á bá a kú. Nítorí náà, ìjọba tí ó bá fi owó-orí àti òfin dí irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò ṣe ìlara ẹnikẹ́ni. Ẹ̀tọ́ ni ó ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ibi tí ọ̀ràn yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ Wales wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òyìnbó ni gbogbo wọn lójú wa, ṣùgbọ́n èdè tí àwọn ará Wales jogún kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, kò sì jọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìhà àríwá ilẹ̀ náà, ilẹ̀ kan yọ sínú òkun bí apá tí ènìyàn nà. Llŷn ni orúkọ rẹ̀, abẹ́ ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Gwynedd ni ó sì wà. Abúlé àwọn apẹja àti àgbẹ̀ ni ó kún ibẹ̀, èdè Wales ni wọ́n fi ń gbàdúrà, òun ni wọ́n fi ń náwó, òun ni wọ́n fi ń bá ọmọ wí. Ẹwà ilẹ̀ náà pọ̀: òkè, pápá tútù, iyanrìn etí òkun. Ẹwà yìí gan-an ni ó sì kó bá wọn. Àwọn olówó láti Liverpool, láti Manchester, láti Birmingham àti láti Lọ́ńdọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í wá gba afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó wá gba afẹ́fẹ́ lọ́dún yìí, tí ó gba yàrá lọ́wọ́ onílé, bí ó bá di ọdún mẹ́ta òun náà á fẹ́ ní ilé tirẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará Wales ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀: ‘tŷ haf’ ni wọ́n ń pè é, èyíinì ni ‘ilé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn’. Orúkọ náà ti ro gbogbo ẹjọ́ tán. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilé ni. Ní ìgbà òtútù, ahoro ni.

Ẹ wá wo abúlé kan ṣoṣo ní Llŷn, Abersoch. Nínú gbogbo ilé tí ó wà níbẹ̀, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ tí ó jẹ́ ilé ìsinmi. Ilé wọ́n níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ahéré onípákó lásán, èyí tí a ń fi pààrọ̀ aṣọ létí òkun, ti tà ju £100,000 lọ. Mo ní ahéré onípákó! Ọmọkùnrin tí ń ṣe káfíńtà ní abúlé náà, tí ó jẹ́ pé bóyá òun gan-an ni ó kan irú ahéré bẹ́ẹ̀, kò lè rí owó rẹ̀ san, áńbọ̀sì pé yóò ra ilé tí yóò gbé ìyàwó sí. Kí ni yóò ṣe? Yóò kó ẹrù rẹ̀, yóò lọ sí ìlú mìíràn. Bí ọ̀dọ́ bá lọ, ọmọ kò sí. Bí ọmọ kò bá sí, ilé-ẹ̀kọ́ di ibùgbé aláǹgbá. Àsọdùn kọ́ o. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tí ó wà ní Abersoch pa, nítorí pé àwọn ọmọ inú rẹ̀ kò tó méjìlá mọ́. Èdè Wales ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọmọ níbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ogun kò jà ní Abersoch. Àjàkálẹ̀ àrùn kọ́ ni ó pa àwọn ọmọ ibẹ̀. Iyàn kò mú. Àní ilé kò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ilé kún ibẹ̀ bámúbámú, àwọ̀ ọ̀dà ara wọn sì ń dán. Ènìyàn ni kò sí nínú wọn. Nígbà láéláé, bí abúlé bá fẹ́ parun, òrùlé rẹ̀ á kọ́kọ́ jìn, koríko á hù ní àgbàlá rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń kọjá lọ á mọ̀ pé ibẹ̀ ti di ahoro. Ti ayé òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Abúlé ń parun, ògiri rẹ̀ ń funfun sí i.

Ilé ni a ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ará Wales náà mọ òwe yìí bí wọn kò tilẹ̀ mọ bí a ti ń pa á. Olúkúlùkù ilé àgbẹ̀ ní ilẹ̀ wọn ni ó ní orúkọ. Orúkọ náà á sì máa sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí, pé orí òkè ni ilé yìí wà, pé inú igbó ni tọ̀hún wà. Bí a ti ń fi agboolé mọ ènìyàn nílẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi orúkọ ilé mọ ènìyàn lọ́dọ̀ tiwọn. Àmọ́ bí àlejò bá ra ilé tán, tí orúkọ náà kò bá rọ̀ ọ́ lẹ́nu, kì í pẹ́ kí ó tó yọ ọ́ kúrò lára ògiri, kí ó sì fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó dùn létí rọ́pò rẹ̀. Ká ní àlejò kan ra agboolé kan ní Ìbàdàn tàbí ní Ìjẹ̀bú, tí ó ha oríkì agboolé náà kúrò, tí ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ‘Afẹ́fẹ́ Òkun’, ǹjẹ́ a ó ha dákẹ́ bí?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀ràn èdè náà lé orí ìwọ̀n. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Wales ní ọdún 1901, bí ìdajì gbogbo wọn ni ó ń sọ èdè Wales. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní ọdún 2011, àwọn tí ó lè sọ ọ́ jẹ́ nǹkan bí 562,000. Ní ọdún 2021, wọ́n ti dín sí nǹkan bí 538,000, èyí tí kò pé 18 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Gwynedd tí mo ń sọ yìí ni odi tí ó lágbára jù lọ tí ó kù. Níbẹ̀, ó ju ìdajì lọ dáadáa tí ó ṣì ń sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ní Gwynedd kan náà ni bí ilé kan nínú mẹ́wàá ti jẹ́ ilé ìsinmi. Ibi tí iná èdè náà ti ń jó gan-an ni wọ́n ń da omi sí.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ibi tí ó yẹ kí ẹ̀rù ti bà wá nìyí. Kì í ṣe pé èdè Wales kò ní ìwé. Ọdún 1588 ni wọ́n ti tẹ odidi Bíbélì jáde ní èdè náà. Tiwa kò pé títí di ọdún 1884. Kì í ṣe pé kò ní ọ̀jáfáfá tí ń jà fún un. Ní oṣù Kejì ọdún 1962, Saunders Lewis, òǹkọ̀wé wọn tí ó lórúkọ, sọ̀rọ̀ lórí rédíò nípa ìpín tí ń bọ̀ wá bá èdè náà. Ó ní bí nǹkan bá ń lọ bí ó ti ń lọ, èdè náà yóò kú ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlélógún tí a wà nínú rẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ èdè sílẹ̀ lọ́dún náà gan-an. Wọ́n jókòó sí ojú títì, wọ́n lọ sí ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì rí èso iṣẹ́ wọn: òfin jáde ní 1967 àti ní 1993 láti gbé èdè náà ró, tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982. Ìwé wà, òfin wà, tẹlifíṣọ̀n wà, yunifásítì wà. Síbẹ̀ iye ń dín kù. Kí ni ó kù tí wọn kò ní? Ilé ni. Inú ìwé kọ́ ni èdè ń gbé. Ìdí àdògán ni èdè ń gbé, níbi tí ìyá ti ń bá ọmọ wí, tí ọmọ sì ń fèsì. Bí kò bá sí ìyá nínú ilé, tí kò sí ọmọ, Bíbélì wo ni yóò máa dá ara rẹ̀ kà?

Mo mọ̀ pé ẹni tí ó mọ ìtàn yóò dá mi dúró níbí. Yóò ní, ‘Kì í ṣe ilé ìsinmi ni ó bẹ̀rẹ̀ ìparun èdè Wales.’ Òótọ́ ni. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nínú ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ ní Wales, ọmọ tí ó bá fi èdè ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni olùkọ́ ń fi pákó kọ́ lọ́rùn, tí àwọn ọmọ yòókù á sì máa fi í ṣẹ̀sín. Àwa tí àwọn bàbá wa san owó ìtanràn tàbí jẹ pàṣán ní ilé-ẹ̀kọ́ nítorí pé wọ́n sọ Yorùbá kò ní béèrè bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń ṣe èdè. Ṣùgbọ́n kí ni àwíjàre yìí já sí? Bí ikọ́ bá ti ń bá ènìyàn jà láti ọjọ́ pípẹ́, ṣé ìyẹn ni pé kí a máa da omi tútù sí i láyà? Níwọ̀n bí wọ́n ti na èdè náà títí tí ó fi sá lọ sí etí òkun, a kò gbọdọ̀ lé e wọ inú òkun.

Ó wá kan àwọn tí ó ń gbèjà ilé ìsinmi. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ wọn, mẹ́rin ni.

Èkínní, wọ́n ní, ‘Owó ọlọ́wọ́ ni ó fi ra ilé, kí ni ó kan ará àdúgbò?’ Èmi kò sọ pé ó jalè. Ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá wa mọ ohun kan tí àwọn agbẹjọ́rò ìsinsìnyí ti gbàgbé. Àlejò tí ó wá sí ìlú wa tí ó fẹ́ dáko, ìlú á fún un ní ilẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, kí ó má baà gbàgbé pé ẹlẹ́ni ni ilẹ̀ náà. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ bá wọn gbé. Yóò bá wọn yẹ ọ̀nà, yóò bá wọn sin òkú, yóò bá wọn ṣọdún. A kò gbọ́ ọ rí pé àlejò gba ilẹ̀ ní ìlú, tí ó sì ń gbé ìlú mìíràn, tí ó wá ń wá fi ẹsẹ̀ wọ́ iyanrìn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dún. Irú àlejò bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ni ó gbà, kò gba ìlú.

Èkejì, wọ́n ní, ‘Àwọn àlejò ni ó ń mú owó wá sí abúlé.’ Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí a bá ara wa ṣírò. Ẹni tí ó wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni yóò rà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínláàádọ́ta tí ó kù, ta ni yóò ra búrẹ́dì lọ́wọ́ alásè? Ta ni yóò wọ ọkọ̀ èrò? Ta ni yóò pe oníṣègùn? Ìdílé kan tí ó ní ọmọ mẹ́ta, tí ń gbé inú ilé kan náà láti January dé December, sàn fún ọjà abúlé ju olówó mẹ́wàá lọ tí ilẹ̀kùn wọn ń bẹ ní títì. Bí ó bá sì jẹ́ pé àlejò ni a fẹ́, kò sí ẹni tí ó lé àlejò. Kí wọ́n wá, kí wọ́n gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n sùn sí ilé onílé, kí wọ́n sanwó, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì máa lọ ní àlàáfíà kí ẹlòmíràn lè wá. Àlejò tí kò jẹ́ kí onílé rí ibi sùn ni a ń bá wí.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní, ‘Àwọn ará abúlé fúnra wọn ni ó ta ilé.’ Èyí náà kò parọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, a sì mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé àti lẹ́yìn odi. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó ta ilé kọ́ ni ọmọ àìkọ́. Opó arúgbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ, tí ẹnìkan mú ìlọ́po méjì iye tí ará abúlé lè san wá fún, ta ni yóò dá a lẹ́bi pé ó gbà á? Òun jèrè lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ aládùúgbò rẹ̀ pàdánù títí láé. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe òfin. Ẹrù tí ẹnìkan ṣoṣo kò lè dá gbé, gbogbo ìlú ni í fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kẹrin ni ó dùn mọ́ mi nínú jù, nítorí ọmọ Yorùbá ni ó lè sọ ọ́. Wọ́n ní, ‘Àwa náà ń ní ilé méjì láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé: ilé ní ìlú, ahéré ní oko.’ Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín! Ẹni tí ó ní ahéré, iṣẹ́ ni ó kọ́ ọ fún. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣán igbó ibẹ̀, tí ó pa ewé tàbí koríko bò ó. Kò lé ẹnikẹ́ni jáde kí ó tó wọ inú rẹ̀. Iṣu tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré, gbogbo ìlú ni í jẹ ẹ́. Ahéré ni yóò kẹ́yìn oko, a ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé ìsinmi tí mo ń sọ yìí ti fẹ́ kẹ́yìn ìlú.

Kí wá ni ṣíṣe? Àwọn kan ní Wales yan ọ̀nà iná. Láti oṣù Kejìlá ọdún 1979 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn tí ń fara pamọ́ lábẹ́ orúkọ Meibion Glyndŵr, ‘Àwọn Ọmọ Glyndŵr’, ti iná bọ ilé tí ó lé ní igba. N kò ní yìn wọ́n, n kò sì fẹ́ kí ọ̀dọ́ kankan tí ń ka ìwé yìí yìn wọ́n. Ẹni tí ń fi iná sun ilé lóru kò mọ ẹni tí ó lè wà nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, iná jó ilé, kò kọ́ ẹyọ kan fún ọmọ abúlé.

Ọ̀nà kejì ni ọ̀nà òfin, òun ni mo sì ń gbè lẹ́yìn. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2017 ni àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní Wales ti ní àṣẹ láti bu owó kún owó-orí ilé tí onílé kò gbé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, ìjọba Wales fẹ àṣẹ náà lójú, tí ó fi jẹ́ pé ìgbìmọ̀ tí ó bá fẹ́ lè bu ìlọ́po mẹ́ta lé e. Gwynedd bu ìlọ́po kan àti ààbọ̀ lé e lọ́dún náà: ẹni tí ó bá yẹ kí ó san £2,000 tẹ́lẹ̀, £5,000 ni yóò san. Ìṣákọ́lẹ̀ dé ilẹ̀ àwọn òyìnbó! Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Gwynedd tún tẹ̀ síwájú, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ ilé tí ènìyàn ń gbé di ilé ìsinmi láìgba àṣẹ. Àwọn tí ọ̀ràn náà bí nínú sì gbé ìgbìmọ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́. Kí wọ́n máa gbé wọn lọ. Òfin tí kò bí ọlọ́rọ̀ nínú, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, bóyá kò ṣe nǹkan kan.

Kì í sì í ṣe Wales nìkan ni ọ̀ràn ti rí báyìí. Ní gúúsù rẹ̀, ní òdìkejì omi, ni Cornwall wà, tí òun náà ní èdè tirẹ̀ rí, àbúrò èdè Wales. Ní Mousehole, abúlé apẹja kan létí òkun, ni ìyá arúgbó kan gbé, Dolly Pentreath, tí ń ta ẹja. Ó kú ní ọdún 1777, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì máa ń sọ pé òun ni ó kẹ́yìn nínú àwọn tí a bí sínú èdè Cornwall. Lóde òní àwọn ọ̀mọ̀wé ń sapá láti jí èdè náà dìde láti inú ìwé, a sì kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé àwọn apẹja ní Mousehole ti di ilé ìsinmi. Ní ìlú St Ives tí kò jìnnà síbẹ̀, àwọn ará ìlú dìbò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016. Ó ju 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó dìbò lọ tí ó ní kí ilé tuntun tí a bá kọ́ jẹ́ ti ẹni tí yóò máa gbé inú rẹ̀. Ẹ rí i pé ọmọ ìlú mọ ohun tí ń pa á, bí a bá bi í léèrè.

Àtòkèrè ni mo ti ń wò ó. Ó tó àkókò kí n wo iwájú ẹsẹ̀ mi. Àwa náà ní etí òkun. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun Èkó wó Maroko palẹ̀, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó sì di aláìnílé. Ilé àwọn ọlọ́lá ni ó dúró sí ilẹ̀ náà lónìí. Ní Ilashe, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé àwọn ọlọ́rọ̀ Èkó lọ ní òpin ọ̀sẹ̀, ilé ìsinmi ti tò lọ létí òkun. N kò sọ pé Ilashe ti di Abersoch. Mo ní kí a béèrè kí ó tó pẹ́: ọmọ apẹja tí a bí sí etíkun wa, níbo ni yóò kọ́ ilé tirẹ̀ sí?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi epo yí i. Àwa ọmọ Yorùbá tí a kàwé ti ń sọ èdè tiwa gan-an di ilé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gẹ̀ẹ́sì ni ilé tí à ń gbé láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ajé. Yorùbá ni ilé kékeré tí à ń lọ ṣí ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ní ọjọ́ ìsìnkú àgbà. A ó gbọn eruku orí àga, a ó pa òwe méjì, a ó ki oríkì díẹ̀, a ó ya fọ́tò, a ó sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ wa ń tẹ̀ lé wa lọ síbẹ̀ bí ẹni lọ ṣe fàájì. Bí ìyá àgbà bá kí wọn, wọn kò mọ èsì. Ẹlòmíràn nínú wa jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ Yorùbá, tí ó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ rẹ̀ fi ń béèrè oúnjẹ. Ògiri ń funfun, ṣùgbọ́n kò sí iná nínú ilé ìdáná.

A lè sọ pé àwa pọ̀, pé ogójì mílíọ̀nù kì í ṣe 538,000. Òótọ́ ni, a pọ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì ará Wales ni ó ń sọ èdè wọn ní ọdún 1901, ó sì dájú pé ọ̀pọ̀ nínú wọn fọkàn balẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí a bá ń gbóríyìn fún àwọn ará Gwynedd pé wọ́n fi owó-orí dá onílé àtìpa lẹ́kun, ẹ jẹ́ kí àwa náà bu owó-orí lé ara wa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ àròkọ kan nípa ẹwà èdè Yorùbá sínú ìwé yìí mọ́ kí ó tó fi èdè náà bá ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ ọjọ́ náà. Kí àwọn tí yóò di amòfin nínú wa kọ́ nípa òfin ilẹ̀ etí òkun, kí wọ́n sì mọ ẹni tí ó yẹ kí wọ́n gbèjà nígbà tí wọ́n bá dé ilé-ẹjọ́. Kí àwọn tí yóò di olówó, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pọ̀, rántí pé ilé tí a kò gbé a máa gba àyè ẹni tí ì bá gbé e. Ilé ló ń jẹ́ ilé nítorí pé ènìyàn ń bẹ nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá kúrò níbẹ̀ tán, ó ku ògiri.